Orí Kẹsàn-án: Ṣíṣe Yàrá Ọ̀dọ́langba Lọ́ṣọ̀ọ́ ní Àrà Dísíkò

Ní orí kẹjọ, yàrá ìkókó àti ti ọmọdé ni a yẹ̀ wò, níbi tó jẹ́ pé òbí ló ń yan ohun gbogbo. Ti ọ̀dọ́langba yàtọ̀. Ọmọ ọdún 13 sí 19 ti mọ ohun tí ojú rẹ̀ fẹ́ máa rí bó bá jí láàárọ̀, ó sì fẹ́ kí ẹni tó bá wọlé mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé yàrá òun nìyí. Nínú àwọn àrà tí àwọn ọ̀dọ́ ń béèrè, dísíkò ọdún 1970 sí 1979 ni a yan fún orí yìí, nítorí pé ó ń kọ́ni ní ohun kan tí àrà mìíràn kì í tètè kọ́ni, ìyẹn bí a ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́.

Ẹni tó bá rò pé kí á kó ohun dídán kún yàrá ni dísíkò, owó rẹ̀ yóò lọ, yàrá náà yóò sì dà bí ìsọ̀ alátẹ. Yàrá dísíkò tòótọ́ kì í ní ẹrù púpọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nítorí náà, nínú orí yìí, ìmọ́lẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ ṣètò, ògiri ni yóò tẹ̀ lé e, ẹrù ni yóò kẹ́yìn. Ẹ má ṣe yí ètò yìí padà nígbà tí ẹ bá ń ṣe iṣẹ́ yín.

Ilé tí dísíkò ti jáde

Bí wọ́n bá dárúkọ dísíkò, Studio 54 ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ sí. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1977 ni Steve Rubell àti Ian Schrager ṣí i ní ìlú New York, nínú ilé eré ńlá kan tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1927. Gbọ̀ngàn ńlá ni, àjà rẹ̀ ga púpọ̀, wọ́n sì ń sọ ohun ọ̀ṣọ́ kalẹ̀ láti òkè bí ìgbà tí wọ́n ń ṣe eré orí ìtàgé. Yàrá tí ènìyàn ń sùn sí kò lè rí ohun púpọ̀ kọ́ lára rẹ̀.

Ibi tí ẹ̀kọ́ wa wà ni ilé kan ní nọ́ńbà 647, òpópónà Broadway, ní New York bákan náà. Ibẹ̀ ni David Mancuso ń gbé. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 1970, ó pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá jó nínú ilé náà, ìpàdé yìí ló sì di èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí The Loft. Ẹni tí kò bá gba ìwé ìpè kò lè wọlé. Mancuso kò ta ọtí. Èso àti omi èso ló ń fún àwọn àlejò rẹ̀. Àwọn ènìyàn dúdú, àwọn tó ń sọ èdè Sípéènì, àwọn funfun, àti àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin bíi tiwọn, tí ọlọ́pàá kì í jẹ́ kí ọkàn wọn balẹ̀ ní ibòmíràn, gbogbo wọn ló ń jó pọ̀ níbẹ̀. Kí ni ọ̀ṣọ́ ilé náà? Bàlúùnù, bọ́ọ̀lù onídígí, àti ẹ̀rọ ohùn tó dára gan-an. Ó tán.

Bàlúùnù yẹn ní ìtàn. Ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí ní ìlú Utica, ní ìpínlẹ̀ New York, ni Mancuso ti lo ìgbà èwe rẹ̀. Obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Kátólíìkì kan níbẹ̀ máa ń so bàlúùnù, á gbé àwo orin sí ẹ̀rọ, á sì jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe àríyá. Ohun tí Mancuso rí ní kékeré ló tún ṣe fún àwọn àgbàlagbà. Nítorí náà, bí ọ̀dọ́ kan bá sọ pé òun fẹ́ kí yàrá òun rí bíi dísíkò, kí òbí má ṣe rò pé ilé ọtí ló fẹ́ gbé wọ inú ilé. Inú yàrá àwọn ọmọdé àti inú ilé tí ènìyàn ń gbé ni nǹkan yìí ti wá.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo yàrá kejì. Nínú fíìmù Saturday Night Fever, tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1977, John Travolta ṣe Tony Manero, ọmọ ọdún 19 tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà, tó sì ń gbé pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀ ní Bay Ridge, ní Brooklyn. Ẹ wo yàrá rẹ̀ dáadáa bí ẹ bá rí fíìmù náà. Kò sí bọ́ọ̀lù onídígí níbẹ̀, kò sí ohun kankan tó ń tàn yanran. Àwòrán ńláńlá ló wà lára ògiri: Rocky, Bruce Lee, Al Pacino nínú Serpico, àti Farrah Fawcett. Dígí kan wà tó fi ń ya irun rẹ̀. Ilé ijó 2001 Odyssey ni gbogbo ìmọ́lẹ̀ wà, níbi tí ilẹ̀ pàápàá ti ń tàn pupa, tó ń tàn búlúù, tó ń tàn bí iyeyè lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

Èyí ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ dì mú. Àwọn ọ̀dọ́ ìgbà dísíkò gan-an kò sùn nínú yàrá dísíkò. Ohun tí à ń ṣe lónìí jẹ́ àpapọ̀ ibi méjì: à ń mú ìmọ́lẹ̀ láti ilé ijó, à ń mú ògiri láti yàrá Tony. Ẹni tó bá gbàgbé ògiri Tony, yàrá rẹ̀ kò ní jọ yàrá ẹnikẹ́ni.

Bọ́ọ̀lù onídígí

Bọ́ọ̀lù onídígí dàgbà ju dísíkò lọ fíìfíì. Louis Bernard Woeste ló gba ìwé àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà lórí rẹ̀ ní ọdún 1917. Myriad Reflector ni wọ́n pè é nígbà náà. Kò pẹ́ tí àwọn gbọ̀ngàn ijó fi bẹ̀rẹ̀ sí í so ó rọ̀, ẹni tó bá sì wo fíìmù Casablanca ti ọdún 1942 yóò rí i níbi tí àwọn olólùfẹ́ méjèèjì ti ń jó ní Paris. Nígbà tí dísíkò gbòde, ilé iṣẹ́ Omega National Products ní ìlú Louisville, ìpínlẹ̀ Kentucky, ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà. Ọwọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fi ń lẹ dígí mọ́ ọn lára, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Dígí kọ̀ọ̀kan lára bọ́ọ̀lù náà tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sì sí méjì tó dojú kọ ibì kan náà. Bí ìmọ́lẹ̀ tóóró kan bá bà á, dígí kọ̀ọ̀kan á gba ìpín tirẹ̀, á sì dá a padà sí ọ̀nà tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òfin tí ẹ ti kọ́ nínú físíìsì: igun tí ìtànṣán fi bá dígí náà ló fi ń kúrò lára rẹ̀. Ibi tí ìtànṣán kọ̀ọ̀kan bá balẹ̀ sí lára ògiri ni a ó ti rí àmì ìmọ́lẹ̀ kékeré.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí ìdábùú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20 tó fún yàrá tó fẹ̀ ní mítà 3, tó sì gùn ní mítà 3.6. Gbogbo ara bọ́ọ̀lù náà lé díẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 1,250. Bí dígí rẹ̀ bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1 ní ìbú àti ní òró, yóò gbà tó 1,200. Ìdajì bọ́ọ̀lù nìkan ni iná kan lè rí lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà àmì ìmọ́lẹ̀ tí yóò wà nínú yàrá á tó nǹkan bíi 600. Ẹ kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ́ọ̀lù sẹ̀ǹtímítà 40 nínú yàrá yìí yóò kàn gba àyè ni, ẹni tó bá sì ga á máa forí gbá a.

Ọ̀rọ̀ yíyí rẹ̀ gba ìṣọ́ra. Bí ẹ́ńjìnnì kékeré tó wà lókè bá ń yí bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kan, àmì ara ògiri kì í rìn ní ìwọ̀n yẹn. Ìlọ́po méjì rẹ̀ ló fi ń rìn, nítorí pé bí dígí bá yí díẹ̀, ìtànṣán tó ń dá padà á yí ní ìlọ́po méjì. Lára ògiri tó jìnnà ní mítà 1.8, èyí jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 38 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ojú lè tẹ̀ lé e, ara sì máa ń tuni. Bí ẹ bá wá jẹ́ kí bọ́ọ̀lù yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan, àmì náà á máa sáré ju mítà kan lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, òòyì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹni tó bá dùbúlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó lọ́ra ni kí ẹ rà. Kódà, okùn tí wọ́n lọ́, tí wọ́n wá jẹ́ kí ó máa tú ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ń ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa láìgba iná mànàmáná.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé wọ́n á so bọ́ọ̀lù rọ̀, wọ́n á tan gílóòbù àárín yàrá, wọ́n á wá máa wò ó pé kí ló dé tí kò ṣe nǹkan kan. Gílóòbù ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ káàkiri. Ó ń tan ògiri bó ṣe ń tan bọ́ọ̀lù, gbogbo àmì náà á sì rì sínú rẹ̀. Iná tí ìtànṣán rẹ̀ tóóró, tó sì dojú kọ bọ́ọ̀lù nìkan, ni a nílò, kí ìyókù yàrá wà lókùnkùn. Iná LED kékeré tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí wà lọ́jà, ṣùgbọ́n tọ́ọ̀ṣì tí ojú rẹ̀ mú, tí a dè mọ́ orí kọ́bọ́ọ̀dù ní igun yàrá, kò burú rárá. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì dán an wò kí ẹ tó ná kọ́bọ̀.

Ẹni tí kò bá fẹ́ ra bọ́ọ̀lù lè ṣe é fúnra rẹ̀. Ẹ wá bọ́ọ̀lù fóòmù líle, tàbí kí ẹ fẹ́ bàlúùnù roboto, kí ẹ fi bébà ìròyìn àtijọ́ tí a rì sínú sítáàṣì bò ó ní ìpele mélòó kan, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Ẹ kó àwo CD tí kò dára mọ́ jọ, ẹ rì wọ́n sínú omi gbígbóná kí wọ́n má baà fọ́ lábẹ́ sáàsì, ẹ wá gé wọn ní sẹ̀ǹtímítà kan-kan. Ẹ lo ìbòjú, nítorí èérún rẹ̀ máa ń ta. Agbedeméjì bọ́ọ̀lù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ lílẹ̀, kí ìlà àkọ́kọ́ lè tọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ máa gòkè, kí ẹ sì máa sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ bá ti sún mọ́ ṣóńṣó òkè àti ìsàlẹ̀, ẹ óò ní láti gé wọn kéré sí i. Àwo CD dé ọjà ní ọdún 1982, nígbà tí dísíkò ti kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn, nítorí ohun tó ń ṣe tí dígí kì í ṣe: ipa tóóró-tóóró tó wà lára rẹ̀, tí àlàfo àárín wọn jẹ́ máíkírómítà 1.6 péré, ń pín ìmọ́lẹ̀ funfun sí àwọ̀ òṣùmàrè. Àwọn àmì ara ògiri á ní etí aláwọ̀.

Níbi síso rẹ̀ rọ̀, kò sí eré. Bọ́ọ̀lù oníbébà fúyẹ́, ṣùgbọ́n ti dígí gidi lè ṣe ẹni tó bá já lù léṣe. Ẹ má ṣe so ó mọ́ pátákó àjà lásán; ẹ wá igi tó gbé àjà náà ró, ibẹ̀ ni kí ẹ kan ìkọ́ sí. Ẹ fi ṣéènì kejì tì í lẹ́yìn, kí àkọ́kọ́ má baà já kó sì parí síbẹ̀. Orí ibùsùn kì í ṣe àyè rẹ̀.

Ògiri àti àwọ̀

Ní ilé ijó, wọ́n sábà máa ń kun ògiri ní dúdú. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ ní yàrá. Ògiri dúdú ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, àmì ìmọ́lẹ̀ kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ hàn lára rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá tún wá mọ́, yàrá náà á ṣú dẹ̀dẹ̀ lójú ẹni tó fẹ́ kàwé. Ọ̀dà tí kò dán, tí àwọ̀ rẹ̀ sì mọ́, ni kí ẹ fi kun ògiri mẹ́ta. Ọ̀dà dídán máa ń fa àmì náà ya, kì í jẹ́ kó dúró ṣinṣin. Ògiri kẹrin, èyí tó wà lẹ́yìn ibùsùn, ni kí ọ̀dọ́ náà fi sọ ti inú rẹ̀.

Àwọ̀ tí wọ́n ń fi sínú ilé ní àkókò yẹn ni àwọ̀ ọsàn tó pọ́n dáadáa, àwọ̀ ilẹ̀, iyeyè tó ṣú díẹ̀, àti àwọ̀ ewé inú píà. Elésèé àlùkò, píńkì àti fàdákà sún mọ́ ilé ijó jù. Ẹ mú méjì láti inú ẹgbẹ́ kìíní, ọ̀kan láti inú ìkejì, kí ẹ sì dúró níbẹ̀. Ìlà gbọ̀ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ògiri, tó yípo ní igun, tó wá gòkè lọ kan àjà, ń sọ ọdún 1970 kíákíá ju ohunkóhun tí a lè rà lọ. Barbara Stauffacher Solomon ló sọ irú àwòrán ńlá ara ògiri báyìí di ìlú mọ̀ọ́ká láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Sea Ranch, California, ní nǹkan bí ọdún 1966. Téèpù oníbébà tí àwọn péńtà ń lò, rúlà gígùn àti sùúrù ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ẹ yọ téèpù náà nígbà tí ọ̀dà kò tíì gbẹ tán, kí etí rẹ̀ lè mú.

Fún ẹni tó fẹ́ kí fàdákà wà, bébà fàdákà tí wọ́n ń lò ní ilé ìdáná tó. Ní ọdún 1964, Billy Name fi irú rẹ̀ àti ọ̀dà fàdákà bo ibi iṣẹ́ Andy Warhol ní New York látòkè délẹ̀. Ní yàrá, ìwọ̀n ẹnu ọ̀nà kan péré ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ojú kò ní sinmi.

Lórí àrán, mi ò ní jiyàn. Ìrọ̀rí aláràn-án méjì ń gba àmì ìmọ́lẹ̀ sára lọ́nà tí òwú kò lè gbà á, aṣọ náà sì wà ní ilé ọ̀pọ̀ ìyá nínú àpótí.

Ẹrù díẹ̀

Ibùsùn tó sún mọ́lẹ̀ dára jù, nítorí ó ń fi ògiri sílẹ̀ fún ìmọ́lẹ̀. Dípò àga, àpò ìjókòó tó kún fún horo fóòmù ni kí ẹ lò. Piero Gatti, Cesare Paolini àti Franco Teodoro ló ya irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Ítálì ní ọdún 1968, fún ilé iṣẹ́ Zanotta. Sacco ni orúkọ rẹ̀. Aránṣọ tó mọ iṣẹ́ lè rán an láàárín ọjọ́ kan. Kápẹ́ẹ̀tì onírun gígùn bá ìgbà náà mu, ṣùgbọ́n ó ń kó eruku. Bí ọmọ náà bá ní ikọ́ fée, ẹ fi í sílẹ̀. Fìtílà oníìda tó ń gòkè sọ̀ kalẹ̀, èyí tí Edward Craven Walker gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1963, ń ṣiṣẹ́ nítorí pé ìda inú rẹ̀ ń fúyẹ́ bí gílóòbù ìsàlẹ̀ bá gbóná sí i, á léfòó, á tutù lókè, á sì tún rì. Ó máa ń gbóná gan-an. Kí ó má ṣe sún mọ́ kọ́tìnnì.

Àwo orin lára ògiri

Níhìn-ín ni a padà sí yàrá Tony. Ohun tí ọ̀dọ́ bá gbé kọ́ ògiri gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó fẹ́ràn lóòótọ́, àwo orin àti páálí rẹ̀ ló sì rọrùn jù. Àwo ìdábùú íǹṣì 12 tó gba orin kan péré ní ojú kan jẹ́ ọmọ dísíkò gan-an: ipa rẹ̀ fẹ̀, ìlù inú rẹ̀ sì ń dún kíkankíkan. Ten Percent, ti ẹgbẹ́ Double Exposure, tí ilé iṣẹ́ Salsoul gbé jáde ní ọdún 1976, ni wọ́n kọ́kọ́ tà fún gbogbo ènìyàn.

Ilé iṣẹ́ Salsoul kan náà ló gbé Jingo jáde ní ọdún 1979. Candido Camero, onílù ọmọ ìlú Havana ní Kúbà, ló lu ú, àwọn ilé ijó New York sì fò mọ́ ọn. Orin Bàbátúndé Ọlátúnjí ni. Àjídò, nítòsí Badagry, ni wọ́n bí Ọlátúnjí sí. Ó lọ kàwé ní Morehouse College ní Atlanta ní ọdún 1950, orin náà sì wà nínú àwo rẹ̀ Drums of Passion, tó jáde ní ọdún 1960. Ọmọ Nàìjíríà kan ló gbé e lọ sí Amẹ́ríkà, ọmọ Kúbà kan ló sọ ọ́ di dísíkò. Soul Makossa ti Manu Dibango, ọmọ Cameroon, wà lára àwọn orin tí Mancuso fi mú àwọn àlejò rẹ̀ jó ní The Loft ṣáájú ìgbà yẹn. Ọ̀dọ́ tó bá gbé páálí àwọn àwo wọ̀nyí kọ́ ògiri ní Ìbàdàn tàbí ní London ń gbé ohun tirẹ̀ kọ́, mo sì fẹ́ kí olùkọ́ sọ èyí fún kíláàsì ketekete. Ẹ má ṣe jẹ́ kí oòrùn máa pa wọ́n, nítorí ooru máa ń lọ́ àwo orin.

Oorun, ojú àti iná

Ẹni ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10 lóòjọ́. Yàrá tí kò bá jẹ́ kó sùn kò dára, bó ti wù kó rẹwà tó. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ pín iná yàrá sí ọ̀nà mẹ́ta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní súìsì tirẹ̀: iná ìkàwé lórí tábìlì, iná bọ́ọ̀lù, àti iná kékeré ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Iná LED búlúù ń dá oorun dúró, torí ó ń dín èròjà melatonin kù nínú ara. Pupa àti àwọ̀ ọsàn ni kí ẹ lò bí ilẹ̀ bá ti ṣú.

Iná tó ń ṣẹ́jú kò gbọdọ̀ wọ yàrá yìí rárá. Èyí tó ń tàn tó ń kú ní ìgbà 3 sí 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lè fa gìrì fún ẹni tó ní irú wárápá kan, ẹlòmíràn kì í sì í mọ̀ pé òun ní in títí di ọjọ́ náà. Bọ́ọ̀lù tó ń yí jẹ́jẹ́ kò ní ewu yẹn. Ẹ má ṣe kó gbogbo iná, ẹ̀rọ ohùn àti ṣájà sórí ẹ̀kítẹ́ńṣọ̀n kan.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Bọ́ọ̀lù kan ní ìdábùú sẹ̀ǹtímítà 30, dígí rẹ̀ sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1 ní ìbú àti ní òró. Dígí mélòó ni yóò gbà, àmì ìmọ́lẹ̀ mélòó sì ni iná kan yóò fún wa?

2. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì kan àti àjákù dígí kékeré kan, tí a ti fi téèpù bo etí rẹ̀, ṣe ìdánwò nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Ẹ yí dígí náà díẹ̀, kí ẹ sì wọn bí àmì ṣe rìn tó lára ògiri tó jìnnà ní mítà 1, mítà 2 àti mítà 3.

3. Ẹ bi ọ̀dọ́langba kan léèrè ohun márùn-ún tó fẹ́ràn jù láyé. Ẹ ya àwòrán ògiri ẹ̀yìn ibùsùn rẹ̀ láti inú ohun tó sọ, kí ẹ lo àwọ̀ mẹ́ta péré. Ẹ fi hàn án kí ẹ tó fi lé olùkọ́ lọ́wọ́, kí ẹ sì kọ ohun tó ní kí ẹ yí padà sílẹ̀.

4. Ẹ ya yàrá mítà 3 sí 3.6 bí ẹni tó ń wò ó láti òkè. Ẹ fi ibùsùn, tábìlì ìkàwé, fèrèsé, bọ́ọ̀lù onídígí, iná tó dojú kọ ọ́ àti súìsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí àyè wọn, kí ẹ sì ṣàlàyé lábẹ́ àwòrán náà ìdí tí ìtànṣán iná kò fi ní wọ ojú ẹni tó dùbúlẹ̀.